So, Ti, Re, Fa: Àgbéyẹ̀wò Kọ́ọ̀dù Seventh Nínú Orin Wa

Kí èèyàn mẹ́rin dúró pọ̀. Kí ẹnì kìíní di so mú, kí ẹnì kejì di ti, kí ẹnì kẹta di re, kí ẹnì kẹrin di fa. Kí wọ́n kọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì dákẹ́ lójijì. Ara ẹni tó bá ń gbọ́ wọn kò ní balẹ̀. Etí rẹ̀ á ṣì máa retí nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fi do parí rẹ̀, òun alára lè fi ẹnu kùn ún lábẹ́lẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi.

Ohùn mẹ́rin yìí ni kọ́ọ̀dù seventh tó gbajúmọ̀ jù láyé. Dominant seventh ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó wà ní ìparí orin inú ìwé orin, ó wà nínú háíláìfù, ó wà nínú búlúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó sì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ìwà wọn kò jọra. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn, iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe, àti ibi tí wọ́n ti bá orin Yorùbá mu àti ibi tí wọn ò ti bá a mu, ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ní Èrúwà, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní ìyókù Ìbàràpá Méje, ní Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé-ẹ̀kọ́ orin tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jù lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n bá ń kó àga jọ. Ẹ̀gbọ́n kan á fi 1, 4, 5 hàn án: do mi so, fa la do, so ti re. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí, ó ti lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìyìn lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fídíò orí fóònù á dé. Àwọn atẹdùùrù Amẹ́ríkà àti ti Èkó á máa to ohùn mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà léra, ọmọ náà á sì rí i pé ohun tí òun mọ̀ kéré. Á wá máa gbé ìka síbi tó rí i tí wọ́n gbé e sí, láìmọ ìdí.

Bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ tó fi lè mọ ìdí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dò, re, mí ni olùkọ́ fi kọ́ ọ ní àmì ohùn: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ló ti bá mẹ́rin yòókù pàdé. Sarah Glover, olùkọ́ kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìpìlẹ̀ ìlànà sol-fa yìí lélẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. John Curwen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ló tún un ṣe tó sì tàn án ká, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e wọ Áfíríkà. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin Yorùbá ló ń ka orin láti inú d, r, m, f, s, l, t tí wọ́n kọ sórí pépà, láìwo ìlà márùn-ún àwọn òyìnbó rárá. Nítorí náà, sol-fa ni àgbéyẹ̀wò yìí yóò lò. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù, kó fi C ṣe do.

Òfin bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ṣókí: mú ọ̀kan, fo ọ̀kan. Mú do, fo re, mú mi, fo fa, mú so. Ohùn mẹ́ta nìyẹn, kọ́ọ̀dù lásán tí gbogbo ayé mọ̀. Tún fo la, kí o mú ti. Bí a bá ka do ní ẹní, ti ni yóò jẹ́ èje. Ibẹ̀ ni orúkọ seventh ti wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rò pé ohùn méje ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìka tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́. Ohùn mẹ́rin péré ni. Ẹ̀kẹrin ló jẹ́ ohùn keje sí ìpìlẹ̀.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí ohùn kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀dù méje ni yóò jáde: do mi so ti, re fa la do, mi so ti re, fa la do mi, so ti re fa, la do mi so, ti re fa la. Lójú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Létí, wọn ò jọra, nítorí àlàfo tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì kò fẹ̀ bákan náà. Orí dùùrù ni èyí ti ń hàn kedere. Ká pe ìrìn láti eyín dùùrù kan sí èyí tó fara kàn án, ì báà ṣe funfun tàbí dúdú, ní ìṣísẹ̀ kan. Láti do sí mi, ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Láti mi sí so, mẹ́ta. Láti so sí ti, mẹ́rin. Mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin: major seventh nìyẹn, èyí tó wà lórí do àti lórí fa. Ohùn rẹ̀ tutù, ó dà bí ohùn ẹni tó ń rántí ohun tó ti kọjá. Erik Satie, ará ilẹ̀ Faransé, fi méjì irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Gymnopédie rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1888. Ó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ó tún ń padà, bí ẹni tó ń ṣe fàájì nínú ọgbà láìkánjú lọ síbì kankan.

Mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta ni minor seventh, tó wà lórí re, lórí mi àti lórí la. Mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta ni dominant seventh. Nínú méjèèje, ọ̀kan ṣoṣo ló wà, orí so ló sì wà. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin ni ti orí ti, tí wọ́n ń pè ní half-diminished. Bí a bá wá sọ gbogbo àlàfo di mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, diminished seventh ló dé, ohùn tí àwọn onífíìmù àtijọ́ fi ń dẹ́rù ba òǹwòran. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé eyín méjìlá ló wà kí do tó tún padà dé, tí kọ́ọ̀dù yìí sì ń gba mẹ́rin nínú wọn ní àlàfo kan náà, mẹ́ta péré ni gbogbo diminished seventh tó wà lórí dùùrù. Ẹni tó bá kọ́ mẹ́ta yẹn ti kọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ dominant seventh lórí do, kó fa ti wálẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan. Ta ni sol-fa ń pe ohùn náà: do mi so ta.

Kí ló fún so ti re fa lágbára tó fi lè dí èèyàn lọ́wọ́ ìsinmi? Ti àti fa ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wọn, ìdajì méjìlá géérégé, kò sì sí ohùn méjì míì nínú sol-fa tí ara wọn kò lélẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan péré ló ya ti kúrò lára do, ọ̀kan péré ló sì ya fa kúrò lára mi. Ti ń wo òkè, fa ń wo ilẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, do àti mi la bá, orin sì délé.

Àwọn atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìrìn kan tí wọ́n ń pè ní 2-5-1. Ẹ jẹ́ ká wo ìka wọn. Re fa la do ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Láti bọ́ sórí so ti re fa, do sọ̀ kalẹ̀ sí ti, fa dúró. Láti bọ́ sórí do mi so ti, fa sọ̀ kalẹ̀ sí mi, ti dúró. Ìka kan ṣí, èkejì ń dúró dè é. Èkejì ṣí, àkọ́kọ́ ń dúró, bí ẹni méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ kan náà. Ẹni tí onígìtá béèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò nílò jù ìka méjì wọ̀nyẹn lọ, torí béèsì ti di ìpìlẹ̀ mú. Bí ọ̀pọ̀ atẹdùùrù bá mọ èyí ni, ariwo inú ìsìn wa ì bá dínkù púpọ̀: atẹdùùrù àti oníbéèsì ń du so kan náà, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú ti àti fa.

Àwọn ohùn mẹ́rin yìí sì lè pààrọ̀ ìjókòó. So lè wà nísàlẹ̀. Ti, re tàbí fa náà lè wà nísàlẹ̀, kọ́ọ̀dù kan náà ni. Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, fi èyí hàn nínú Prelude tó ṣáájú nínú ìwé dùùrù rẹ̀ ti 1722. Báà kìíní, ìyẹn ìpín àkọ́kọ́ orin náà, do mi so, ilé ni. Ní báà kejì, do ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n re, la àti fa ti bò ó mọ́lẹ̀. Do tó jẹ́ onílé tẹ́lẹ̀ ti di àlejò, ó sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí ti ní báà kẹta, níbi tí so ti re fa ti yọjú. Ní báà kẹrin, fa tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀ sí mi, gbogbo wọn padà sílé. Kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ èèyàn ní seventh jù báà mẹ́rin yẹn lọ.

Kì í ṣe wẹ́rẹ́ ni Yúróòpù gba ohùn seventh yìí wọlé. Ní 1600, Giovanni Artusi, ará Ítálì, kọ ìwé bú orin tuntun tí Claudio Monteverdi ń ṣe, torí pé ó ń gbé irú fa yẹn kalẹ̀ lójijì láìpèsè ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Monteverdi kò yí padà. Ó tẹ àwọn orin náà jáde ní 1605. Nígbà tí Jean-Philippe Rameau gbé ìwé ìmọ̀ kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde ní Paris ní 1722, seventh ti di ara ìlú. Nígbà tó fi máa di 1800, Beethoven lè fi í bẹ̀rẹ̀ símfónì rẹ̀ àkọ́kọ́ láìkí ẹnikẹ́ni ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ni etí wọn fi mọ́ ọn lára.

Orin tiwa ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù rè é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìbílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní agbègbè Ọ̀yọ́ tí Ìbàràpá fara tì, ohùn márùn-ún ni wọ́n ń lò: do, re, mi, so, la. Orin ìyá ọlọ́mọ, orin eré òṣùpá, orin tí ìyàwó fi ń dágbére nílé bàbá rẹ̀: ẹ fi sol-fa tọ ipasẹ̀ wọn, ẹ ó rí i pé ohùn márùn-ún yìí ló pọ̀ jù nínú wọn. Méjì tí kò sí níbẹ̀ ni fa àti ti. Àwọn méjì yẹn gan-an ló ń fún so ti re fa ní ìgbónára rẹ̀! Orin ìbílẹ̀ tó dúró lórí ohùn márùn-ún kò ní ohun tó ń fà á lọ sílé tipátipá. Ó lè yípo láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, ìpè òun ègbè, kó má sì sú ẹnikẹ́ni, torí kò sí ohùn kan tó ń ké pé kí wọ́n parí òun.

Ẹ wá yẹ kọ́ọ̀dù méjèèje òkè yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo nínú wọn la lè fi ohùn márùn-ún yìí nìkan kọ́? Do mi so ti, kò ṣeé ṣe, ti wà níbẹ̀. Re fa la do, fa wà níbẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Ọ̀kan péré ló kù: la do mi so. Minor seventh ni. Bí ẹ bá sì yí ìjókòó rẹ̀ padà kí do wà nísàlẹ̀, do mi so la ló dà, kọ́ọ̀dù tí àwọn onígìtá háíláìfù àti jùjú fẹ́ràn láti fi parí orin. Nínú gbogbo ìdílé seventh, ọ̀kan yìí nìkan ni a lè pè ní ọmọ onílé láàárín wa.

Ìlú kan sí èkejì kò rí bákan náà o. Àwọn onímọ̀ orin ti kíyè sí i tipẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ni àwọn ará Ọ̀yọ́ sábà máa ń jọ kọ, tọkùnrin tobìnrin, bí ohùn ọkùnrin tilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀ṣà àti ní Oǹdó, ẹnì kan á gbé orin, ẹlòmíràn á sì gbà á ní ohùn kẹta sókè tàbí sísàlẹ̀, wọ́n á jọ máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nítorí náà, ọmọ Èkìtì tó wọ ẹgbẹ́ akọrin ti bá kọ́ọ̀dù pàdé nílé. Ọmọ Èrúwà ní láti kọ́ bí a ti ń di ohùn ẹni mú nígbà tí aládùúgbò ẹni ń kọ òmíràn, èyí sì ṣòro jù bí àwọn olórí ẹgbẹ́ akọrin ti máa ń rò lọ.

Ìṣòro kan tún wà tó jinlẹ̀ jù ìyẹn lọ, èdè wa ló sì ti wá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, igbà, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Ká ní ìparí orin bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹgbẹ́ akọrin sì fẹ́ ti orí so ti re fa lọ sí do mi so. Tírẹ́bù kọ re-do, ohùn wálẹ̀: igbà. Tẹ́nọ̀ kọ fa-mi, ohùn wálẹ̀: igbà. Áátò kọ ti-do, ohùn gòkè: igbá, èyí tí wọ́n fi ń bu omi. Béèsì fò láti so lọ sí do òkè: igbá. Bí ẹnì karùn-ún bá sì wà tó dúró lórí so: igba, 200. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síwájú wọn, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń sọ. Pé ti ń gòkè nígbà tí fa ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tó jẹ́ ẹwà kọ́ọ̀dù yìí gan-an, ni èdè olóhùn bíi Yorùbá kò lè gbé mì.

T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina, Èkó, fi èyí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ orin òyìnbó sí Yorùbá tí ohùn orin sì ń pa ọ̀rọ̀ run, ó sì gbé ìwé rẹ̀ Yoruba Music jáde ní 1953 láti la ọ̀nà bí orin ṣe lè tọ ẹsẹ̀ èdè. Ní Gánà, olórin kan, Ephraim Amu, ń bá ìṣòro kan náà jà lórí èdè Akan. Àwọn méjèèjì kò sọ pé kí wọ́n ju kọ́ọ̀dù nù. Wọ́n fẹ́ kó mọ̀ pé èdè ló ń ṣáájú.

Ọmọ ẹ̀kọ́ Phillips kan ló gbé seventh débi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì gbé e dé rí. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, kọrin ní Kàtídírà ní ọmọdé, ó tẹ jáàsì ní Èkó, ó sì wọkọ̀ lọ sí London láàárín àwọn ọdún 1930. Lọ́hùn-ún, ó ń tẹ dùùrù Hammond ní ilé fàájì lálẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ fún Adelaide Hall, olórin ará Amẹ́ríkà, ó sì ń kàwé lọ́sàn-án. Ní 1943 ó gba oyè FRCO, oyè tó ga jù fún àwọn atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbé ayé méjì yìí hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn orin á jẹ́ ti Yorùbá, orin tí ìyá àgbà lè gbè. Kọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ á nípọn, á kún fún seventh àti ohùn tó ń yọ̀ wálẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan kan, bíi ti àwọn oníjáàsì. Ẹ gbọ́ Akinla, apá tó kẹ́yìn nínú African Suite rẹ̀ fún okùn gòjé, kí ẹ gbọ́ bí háíláìfù ṣe wọ aṣọ símfónì láìṣi orúkọ ara rẹ̀ pè. Ilé-iṣẹ́ rédíò Kánádà, CBC, lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi mú ètò orin kan wọlé. Bóyá àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ pọ̀ jù àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ọ̀yọ́ lọ, ó sì dun èèyàn.

Ojútùú tí Sowande rí ṣe kedere: jẹ́ kí ohun èlò orin gbé seventh, kí ẹnu gbé ọ̀rọ̀. Àwọn olórin ìgboro ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Ní 1928, àwọn mẹ́ta kan láti Gánà, tí wọ́n ń jẹ́ Kumasi Trio, gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ ní London fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone, bí gìtá ibẹ̀ sì ṣe ń rìn láti do lọ sí fa lọ sí so kó tó délé ni odò tí háíláìfù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mu omi. Àtàǹpàkò ń fa okùn ìsàlẹ̀, ìfábẹ̀lá ń fa tòkè. Nígbà tí ìka kan bá kan fa lórí kọ́ọ̀dù so, ìyókù mọ̀ pé ilé ti súnmọ́. Bobby Benson àti Victor Ọláìyá fi fèrè àti kàkàkí gbé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé ijó Èkó, I. K. Dáìró fi àkọ́díọ̀nù gbé e wọ jùjú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá dàrú nínú orin wọn. Olórí ń kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, ègbè ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, gìtá ń jìyà seventh fúnra rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ṣe ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Nínú búlúùsì, kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti do, ti fa àti ti so, dominant seventh ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó délé. Do fúnra rẹ̀ ní ta lórí, ó ń bẹ̀bẹ̀ bíi ti ìyókù, báà méjìlá á sì parí láìsí ìsinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn olórin náà tún máa ń kọ ta yẹn kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí dùùrù gbé e sí. Wọn ò ṣìnà: ohùn keje tó wà nínú okùn tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ fi bí ìdá mẹ́ta ìṣísẹ̀ kan rẹlẹ̀ sí ti dùùrù.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kọ́ kọ́ọ̀dù ní Trinity College of Music ní London láti 1958, háíláìfù òun jáàsì tó kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ Koola Lobitos sì kún fún ìyípadà kọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó jù ú sílẹ̀. Ó mú kọ́ọ̀dù kan tàbí méjì, seventh nígbà púpọ̀, ó sì dúró lé e títí ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fi tán. Àwọn kan rí i bí ẹni tó gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òdodo ibẹ̀ ni pé ó padà sí ohun tí orin ìbílẹ̀ ohùn márùn-ún ti ń ṣe látayébáyé: kọ́ọ̀dù tí kì í sáré lọ sílé, tí ó di ilẹ̀ tí ìlù, fèrè àti ọ̀rọ̀ ń jó lé. Miles Davis, oníjáàsì ará Amẹ́ríkà, ti ṣe irú rẹ̀ nínú So What ní 1959. Ti Fẹlá gbóná jù, torí ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ padà sí kíbọ́ọ̀dù inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìmọ̀ ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Àwọn kan wà ní ìlú kéékèèké tí ọwọ́ wọn yá jù ti àwọn tó jáde ní yunifásítì lọ. Ṣùgbọ́n àṣejù ti wọ̀ ọ́. Orin ègbè tó dúró lórí ohùn márùn-ún, tí àwọn ìyá ń kọ pẹ̀lú àtẹ́wọ́, ni atẹdùùrù á da diminished mẹ́ta àti 2-5-1 mẹ́rin lé lórí láàárín ìlà kan. Ti àti fa tí orin náà kò mọ̀ rí á máa fà á sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ìyá á kọ́kọ́ rọra wá ohùn wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́. Bí ìjọ bá dákẹ́ nítorí kọ́ọ̀dù, atẹdùùrù ló jẹ̀bi, bó ti wù kí ìka rẹ̀ yá tó. Bọ́tìnnì transpose náà ń ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀: ẹni tó ń tẹ C lójoojúmọ́ tí ẹ̀rọ ń bá a gbé e lọ sí F tàbí A kì í mọ orúkọ ohùn tó ń jáde, ọjọ́ tó bá sì bá ara rẹ̀ níwájú dùùrù gidi, ojú á tì í.

Ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kò ṣọ̀wọ́n bíi ti àtijọ́. MUSON, ẹgbẹ́ olórin Nàìjíríà, ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Onikan l'Ékòó. Peter King, tó jẹ́ akọni nínú fèrè sakisofóònù, dá ilé-ẹ̀kọ́ orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ó sì wà ní Pólí Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọgbà rẹ̀ ní Èrúwà ti di Adéṣeun Ògúndoyin Polytechnic báyìí. Gbogbo wọn ni owó àti ọ̀nà jíjìn wà láàárín wọn àti ọmọ tó ń dúró de ìparí ìsìn kó lè fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ akọrin ló ti máa kọ́ ohun tó máa kọ́.

Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ orin, níwọ̀n bí Yúróòpù ti kọ wọ́n, so ti re fa ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ Yorùbá, ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. La do mi so ló yẹ kó ṣáájú, torí orin ilé rẹ̀ ti fi í sí i létí: kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n yí ìjókòó rẹ̀ padà, kí wọ́n fi í bá orin ìyá rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí fa wá wọlé, kí re fa la do dé. Ti ni kó kẹ́yìn, pẹ̀lú so ti re fa, kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ bí ohun tuntun, kó sì mọ ohun tó ń ná an bó bá gbé e lé orin tí kò ní i tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin ní Èrúwà àti ní gbogbo Ìbàràpá, ẹ dán an wò nígbà tí ẹ bá tún pàdé fún ìgbáradì. Kò gba kíbọ́ọ̀dù, kò sì gba iná mànàmáná. Èèyàn mẹ́rin ló gbà: ọ̀kan lórí la, ọ̀kan lórí do, ọ̀kan lórí mi, ọ̀kan lórí so.